A Kì Í Sọ Pé Késíà Kú

Àwo mẹ́ta ni mo bá lórí tábìlì lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé Miss Odessa ní Mitchellville, bẹ́ẹ̀ àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ti sọ fún mi pé màmá náà nìkan ló ń gbé ilé. Ó jókòó sídìí àwo kan, ó ní kí n jókòó sídìí èkejì. Ẹyin díndín àti búrẹ́dì wà nínú ẹ̀kẹta, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Mo béèrè pé ta là ń retí.

"A kò retí ẹnì kankan," ni ó wí. "Késíà ti jókòó."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Èmi Mùlíkàt, ọmọ Òjé n'Ìbàdàn, mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo ti tọ́jú arúgbó tó ń bá kọ́tìnnì sọ̀rọ̀, mo ti tọ́jú èyí tó ń pe èmi alára ní ọkọ rẹ̀. Nítorí ọmọ mi kan ṣoṣo, Humaira, ni mo ṣe fi iṣẹ́ alẹ́ ọsibítù sílẹ̀, torí ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pe tẹlifíṣàn ní ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán, arúgbó kan, ilé tí kò jìnnà sí tiwa ní Kettering: kí ni mo tún ń wá? Bí màmá bá fẹ́ máa bá àga òfìfo jẹun, kí ó máa bá a jẹ.

Ó ní ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Raymond, tó ń gbé ní Forestville. Ẹni tó bá wa mọ́tò láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní gbọ́ ìròyìn rédíò tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, síbẹ̀ n kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Mo bú u nínú mi títí. Mo ní àwọn ọmọ Amẹ́ríkà yìí, ìyá wọn á bí wọn tán, wọ́n á lọ máa tọ́jú ajá.

Ọjọ́ kan tí mo ń bá màmá náà ya irun ni mo ṣèèṣì bi í pé, "Késíà yín yìí, ṣé ó ti pẹ́ tó ti kú?"

Ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ tí kò lè ṣí ìgò oògùn ló di ọrùn ọwọ́ mi mú gírígírí bẹ́ẹ̀.

"Molly," bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí, Mùlíkàt kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu, "kò sí ohun tí o kò lè sọ nínú ilé yìí. Má sọ ìyẹn."

Mo ní kó má bínú. Ojú ìka rẹ̀ wà lára mi di ìrọ̀lẹ́.

Orúkọ Késíà kò ṣàjèjì lágbègbè wa. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Upper Marlboro kọjá yóò ti rí ilé Whitlow, ilé funfun ńlá tí wọ́n ti sọ di ilé ìrántí. Temperance Whitlow, obìnrin òyìnbó tó ń kọ ìtàn, ló gbé ibẹ̀ láyé ìgbà tí gbogbo ilẹ̀ yìí jẹ́ oko tábà, tí ẹrú ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ni àwọn ẹrú náà. Òun kọ ìwé ìtàn kan láti fi bá bàbá rẹ̀ àti gbogbo àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ jà. Wọ́n ní ìwé náà dé London, pé àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n kà á, wọ́n sunkún bí ọmọdé, pé àwọn mìíràn tú ẹrú wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kà á tán. N kò fojú kéré rẹ̀. Obìnrin tó fi kálàmù já ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ ènìyàn, ó ṣe bẹbẹ.

Késíà ni ẹrúbìnrin inú ìwé náà. Wọ́n ta Lúsì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sí Georgia. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó rìn lọ sínú odò Patuxent ní òwúrọ̀ kan tí oòrùn ń ràn, ó ń kọrin. Ibi tí ó ti ń rì yẹn ni gbogbo ayé ń kà tí wọ́n ń sunkún.

Kíláàsì Humaira lọ wo ilé Whitlow. Ọmọ náà fi omijé wọnú mọ́tò mi nígbà tí mo lọ gbé e.

"Mommy, she just walked into the water," ni ó ń wí. "Did anybody pray for her?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ó ti yá ìwé náà níléèwé, mo sì ka orí tó kẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì nínú mọ́tò, níbi tí mo ti ń dúró dè é. Ká má parọ́, mo sunkún. Mo sunkún débi pé obìnrin tó wà nínú mọ́tò ẹ̀gbẹ́ mi sọ wíńdò rẹ̀ kalẹ̀, ó ní ṣé kò sí nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la fẹ́ ṣe fìdáù ọlọ́dún fún bàbá mi, Sùnmọ́nù, nílé wa. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. Bí àdúà bá ti ń lọ fún òkú ẹnì kan, àwọn mìíràn á mú orúkọ òkú tiwọn wá, kí Alfa fi kún un, torí àdúà kì í tán nílẹ̀. Mo pe Alfa Ìdrís sí kọ̀rọ̀ kíṣìnnì.

"Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi Késíà kún un."

"Ta ni Késíà?"

"Ẹnì kan tí kò ní ẹni tí yóò ṣàdúà fún un ni."

"Ṣé Mùsùlùmí ni?"

"Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ ìtàn rẹ̀, bàbá rẹ̀ máa ń wẹ ọwọ́ wẹ ẹsẹ̀, á forí kanlẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú kó tó lọ sóko."

Ó ní, "Ọlọ́run ló mọ tirẹ̀. A ó fi kún un."

Ọ̀sán Sunday ni, oòrùn mọ́lẹ̀ rekete. Àwọn ọkùnrin jókòó níwájú, àwa obìnrin wà lẹ́yìn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn kan tí kò bá ilé mi mu, òórùn ẹrẹ̀ odò àti ewé tábà tútù. Mo wo ẹ̀yìn. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí jókòó síbi ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó lọ sẹ́yìn ilé, ó we gèlè aláwọ̀ eérú mọ́rí. Mo rò pé Abibat, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe nọ́ọ̀sì lọ́sibítù, ló mú un wá.

Alfa dárúkọ bàbá mi, a ṣe àmín. Ó dárúkọ ìyá Abibat, a ṣe àmín. Ó wá ní, "Kí Ọlọ́run dárí jin Késíà, kí ó fi àlùjánnà kẹ́ ẹ." Gbogbo ilé gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní àmín. Obìnrin yẹn nìkan ni kò gbé tirẹ̀ sókè. Kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dúdú, ó ń tàn lọ díẹ̀díẹ̀.

Mo mú omi ìgò kan, mo lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní ṣé ara wọn yá.

Ó gbójú sókè. "Ta ló sọ fún ọ pé mo ti kú?"

Ohùn rẹ̀ kò le. Bí ẹni ń béèrè ọ̀nà ló ṣe sọ ọ́.

Ó fún etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, omi ṣàn jáde. "Omi yìí kì í ṣe tèmi. Obìnrin tó kọ ìwé yẹn ló dà á lé mi lórí. Gbogbo ẹni tó bá sunkún mi ló ń bù kún un. Ìwọ náà ti bù tìrẹ." Ó wo ẹ̀yìn mi lọ síbi tí àwọn ọmọdé wà. "Ọmọ rẹ dà?"

Mo yíjú wá Humaira. Ó ń pín mọ́ínmọ́ín fún àwọn àlejò, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí mo máa yíjú padà, kò sí ẹnì kankan níbi ògiri, omi nìkan ló wà nílẹ̀. Mo bi Abibat pé ta lẹni tó mú wá yẹn. Ó ní òun nìkan lòun wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mọ́ṣúdù ọkọ mi bu oúnjẹ fún ara rẹ̀ àti fún Humaira, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń jẹun.

"Tèmi ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni tó ta jí. "Ah, sorry. N ò mọ ohun tó ṣe mí."

Ní òwúrọ̀, ìyá mi pè láti Ìbàdàn. Fóònù Mọ́ṣúdù ni wọ́n pè, wọn kò pe tèmi. Ó bọ́ síta láti gbà á. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní kí ni màmá sọ. Ó ní kò sí nǹkan kan, kò sì wo ojú mi. Humaira gbé báàgì rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì iléèwé. Ojoojúmọ́ ló máa ń juwọ́ sí mi láti ojú wíńdò. Kò juwọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Àwo méjì péré ló wà lórí tábìlì Miss Odessa nígbà tí mo débẹ̀.

"Ó ti kúrò lọ́dọ̀ mi," ni ó wí. Kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. "Kí lo ṣe, Molly?"

Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Nígbà tó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Késíà kò kú sínú odò kankan. Ojú wíńdò ilé ìdáná ló dúró sí nígbà tó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ọmọ ọ̀gá rẹ̀, Temperance, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń bẹ láàyè, kí wọ́n kọ orúkọ oko náà àti orúkọ odò tó wà létí rẹ̀, pé bóyá ẹnì kan tó bá kà á yóò bá Lúsì pàdé ní Georgia, yóò sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń dúró dè é. Temperance ṣèlérí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí ìwé náà parí, ó rí i pé ìyá tó ń bẹ láàyè, tó ń ro oko, tó ń retí ọmọ, kò lè mú àwọn ọlọ́kàn líle sunkún. Ó bá rì í sómi. Òun alára sunkún bó ti ń kọ ọ́.

"Ìwé náà ṣe iṣẹ́ ńlá," ni Miss Odessa wí. "N kò ní sẹ́ ẹ. Bóyá èmi gan-an ì bá má jókòó síbí láìsí i. Ṣùgbọ́n ó dé Georgia. Ẹnì kan kà á sí Lúsì létí. Nígbà tí òmìnira dé, Lúsì gba ojú ọ̀nà yìí kọjá, ó ń lọ sí Baltimore. Kò yà. Ta ni yóò yà sọ́dọ̀ òkú? Ìyá rẹ̀ wà nínú oko lọ́jọ́ náà, ó ń já ewé tábà."

Lúsì ni ìyá ìyá ìyá Miss Odessa. Láti ìgbà tí àwọn ìdílé náà ti mọ òtítọ́ ni wọ́n ti ń gbé àwo Késíà kalẹ̀ láràárọ̀, tí wọ́n ń sọ fún un pé ó ń bẹ láàyè, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Mo bi í pé kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ sí mi.

"O ń rò pé Raymond jẹ́ ọmọ burúkú," ni ó wí. "Mo rí i lójú rẹ. Nígbà tí ara mi ṣì le, mo ṣiṣẹ́ ní ilé Whitlow. Èmi ni mo ń wọ aṣọ Késíà, tí mo ń ka orí tó kẹ́yìn sí àwọn àlejò létí. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá sọ pé Késíà kú, òun náà á di òkú lójú àwọn ènìyàn rẹ̀, mo ní iṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan Raymond wá wò mí, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo ka ikú náà, ó sunkún. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ náà tán, kò tẹ̀ lé mi lọ sílé. Àbúrò mi ló mú un lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ ti di òkú lójú rẹ̀. Ó ní sàréè kan tó ń gbé òdòdó lọ síbẹ̀, Molly. Orúkọ mi ló wà lára òkúta náà."

Ìtàn burúkú ti wọ etí mi rí nídìí iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irú èyí rí. Mo ní, "Ẹ ò lọ bá a ni? Ẹ ò sọ fún un?"

"Mo lọ. Mo kan ilẹ̀kùn, mo pariwo, mo fi orúkọ Ọlọ́run búra. Ẹ̀rù bà á, wọ́n pe ọlọ́pàá. Kò ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́." Ó di ọwọ́ mi mú, kò le bíi ti ọjọ́sí. "Gbọ́ mi dáadáa. Bí o bá bá wọn jiyàn títí ẹ̀rù fi ba ọmọ rẹ, o ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n má gbà fún wọn láé. Ọjọ́ tí o bá fi ẹnu ara rẹ sọ pé o ti kú, ó ti parí. Èmi kò sọ ọ́ rí. Ìdí nìyẹn tí mo ṣì fi jókòó nínú àga yìí, tí ìwọ àti àwọn bíi tìrẹ ṣì ń rí mi."

N kò dúró gba búrẹ́dì. Mo wa mọ́tò gba Central Avenue bí wèrè. Mo pe Mọ́ṣúdù, kò gbé e. Mo pe Abibat. Ó gbé e, mo gbọ́ ẹkún lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Hello? Ta nìyẹn?" ó sì pa á.

Mọ́tò kún iwájú ilé wa. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ṣe sàláámù, wọ́n dá mi lóhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé ọ̀fọ̀. Obìnrin kan sún fún mi kí n ráyè jókòó. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ wá wo nǹkan. Odò Patuxent ló gbé e lọ, ọmọ dáadáa!"

Mọ́ṣúdù jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin. Mo lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Mọ́ṣúdù, èmi ni."

Ó gbójú sókè. Ó mọ̀ mí bí èèyàn ṣe ń mọ ẹni tí wọ́n jọ ń kí ara wọn ní mọ́ṣáláṣí. "Ẹ ṣeun, mà," ni ó wí. "Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín."

"Mọ́ṣúdù! Mùlíkàt nìyí! Wò mí! Ta ló kú?"

Mo gbá a lápá mú, mo ń mì í, mo ń pe orúkọ àwọn ènìyàn wa, mo ń sọ ohun tí ọkọ àti aya nìkan mọ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣàánú mi, ó wá le. Alfa Ìdrís dìde. Ó ní kí wọ́n rọra mú mi síta, pé ìbànújẹ́ máa ń da orí ẹlòmíràn rú. Abibat, Abibat tí a jọ ń jẹ nínú àwo kan náà, ló di apá mi kejì mú.

Nígbà náà ni mo rí Humaira, wọ́n ti lọ mú un bọ̀ láti iléèwé. Ó wà lẹ́yìn àga bàbá rẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń wò mí. Ẹ̀rù mi ló ń bà á. Èmi tí mo lóyún rẹ̀, tí mo fi ẹ̀yìn gbé e, èmi ni ẹ̀rù mi ń ba ọmọ mi bẹ́ẹ̀.

Mo dákẹ́. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé ara mi ò balẹ̀ ni. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, mo sì fi ìborí mi bo ojú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéwú padà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo di gbogbo ọ̀rọ̀ mi mú sẹ́nu.

N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó kí n tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níwájú mi. Humaira gbé omi lé tìréè. Ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì. Ọmọ tó jẹ́ pé òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré, tí mo bẹ̀, tí mo bẹ̀, pé kí ó sọ èdè bàbá rẹ̀, ó la ẹnu, ó ní:

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ mu omi. Ṣé ọ̀rẹ́ mọ́mì mi ni yín?"

Omijé kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti lọ níbẹ̀. Irun rẹ̀ ti tú níwájú. Èmi ni mo dì í lọ́jọ́ Friday. Mo ronú kan Miss Odessa nínú ilé ńlá rẹ̀, tí kò gbà fún ẹnikẹ́ni rí, tí ó ṣì ń mí, tí kò sì rí ojú ọmọ rẹ̀ mọ́ láyé. Mo ronú kan ilẹ̀kùn tí wọ́n máa tì mọ́ mi bí mo bá wí pé rárá.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ ni mí. A sún mọ́ra gan-an."

Nǹkan kan tutù wọ inú mi lọ láti àtẹ́lẹsẹ̀. Kò dùn mí.

Ó gbé tìréè sílẹ̀, ó jókòó tì mí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí bàbá rẹ̀ má baà gbọ́. "Ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ṣé ó dùn ún? Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún mi."

Mo fi ọwọ́ lé e lórí. Mo sọ fún un pé rárá, kò dùn ún. Mo ní oòrùn ń ràn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, pé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé orúkọ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń pè bó ti ń rìn wọ inú rẹ̀ lọ, ó ń pè é bí ẹni ń kọrin. Ó gbé orí lé mi léjìká, ó ń sunkún, ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ.